Orí Kẹtàlá Láìsí Orí Kẹrìnlá: Ìtàn Ọ̀rọ̀ náà ‘Adẹ́tẹ̀’ Nínú Ìjọ

Ìbéèrè kan ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run lóde òní: ṣé ó yẹ kí a jáwọ́ nínú lílo àwọn ọ̀rọ̀ bí adẹ́tẹ̀, arọ, odi, afọ́jú àti wèrè lọ́nà tí ń bu ènìyàn kù? Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni èyí. Wọ́n ní Bíbélì fúnra rẹ̀ lo àwọn ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tó bá yí orúkọ àìsàn padà kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń gún lọ́kàn jókòó sínú ìjọ wa, wọ́n sì ń gbọ́ wa. Ìjiyàn náà kì í sábà lójú, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ la máa ń kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, èyí ni ‘adẹ́tẹ̀’. A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọwọ́ Ìjọ wà nínú ìtàn rẹ̀ gidigidi. Ìwé Mímọ́ ni ó ti wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè, àwọn àlùfáà àti míṣọ́nnárì ló sì gbé e káàkiri. Ohun tí ìtàn náà yóò fi hàn wá kò ṣòro láti sọ: Ìjọ di Lefitiku orí 13 mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí orí 14 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ti ènìyàn síta. A gbàgbé èyí tí a fi ń mú un wọlé.

Ohun tí Mósè kọ

Nínú Lefitiku orí 13, Olúwa bá Mósè àti Árónì sọ̀rọ̀ nípa ohun tí èdè Hébérù ń pè ní tsaraat. Bíbélì Yorùbá wa pè é ní ẹ̀tẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ ka orí náà yóò rí i pé ó gbòòrò ju àrùn kan lọ. Ó lè yọ lára awọ ènìyàn, ó lè wà ní orí tàbí ní irùngbọ̀n. Ó lè mú aṣọ àti ohun tí a fi awọ ṣe (13:47-59). Ó tilẹ̀ lè mú ògiri ilé (14:33-53). Kò sí àrùn tí àwọn dókítà mọ̀ tí ń mú ènìyàn tí ó tún ń mú ògiri. Bákan náà, orí náà kò mẹ́nu kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́, tàbí ìka tí ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àmì tí a fi mọ ẹ̀tẹ̀ lónìí nìyẹn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì fi gbà pé oríṣiríṣi nǹkan tí ń sọ ènìyàn, aṣọ tàbí ilé di aláìmọ́ níwájú Olúwa ni Mósè kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Ẹ kíyèsí iṣẹ́ àlùfáà níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Kò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn. Ẹnu rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, kò gbọdọ̀ kánjú sọ̀rọ̀: yóò sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ méje, yóò tún un wò, yóò tún sé e mọ́ fún ọjọ́ méje mìíràn. Ìgbà tí ó bá dá a lójú ni yóò tó sọ pé aláìmọ́ ni. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yìn ibùdó ni ilé ẹni náà (13:45-46).

Àmọ́ Mósè kò parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Orí 14 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́. Ẹni tí a lé jáde kò lè dá wọlé, nítorí náà àlùfáà fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, tí yóò jáde lọ sí ẹ̀yìn ibùdó láti yẹ̀ ẹ́ wò (14:3). Ẹyẹ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan yóò sì fò lọ ní òmìnira. Lẹ́yìn náà, àlùfáà yóò fi ẹ̀jẹ̀ sí etí ọ̀tún ẹni náà, sí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, yóò sì ta òróró sí i lórí (14:14-18). Kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìgbọ́wọ́lélórí ṣí Lefitiku 8:23-24. Ibi tí a fi ẹ̀jẹ̀ sí lára Árónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a yà wọ́n sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ibẹ̀ gan-an ni a fi ẹ̀jẹ̀ sí lára ẹni tí ń padà bọ̀ láti ẹ̀yìn ibùdó. Òfin tilẹ̀ ṣètò ẹbọ tí owó rẹ̀ kò wọ́n fún ẹni tí kò ní (14:21), kí àìní má baà jẹ́ ohun tí yóò dá a dúró síta.

Orí méjèèjì jẹ́ òfin kan ṣoṣo. Ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé aláìmọ́ ni, òun náà ni a pa á láṣẹ fún láti lọ wá a, kí ó sì sọ pé ó ti mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ti èdè bọ́ sí èdè

Nígbà tí àwọn Júù túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì ṣáájú ìbí Olúwa wa, wọ́n pe tsaraat ní lepra. Lójú àwọn oníṣègùn Gíríìkì, lepra ni àrùn awọ ara tí ń pá, tí ń yi bí ìpẹ́ ẹja. Àrùn tí àwa ń pè ní ẹ̀tẹ̀ lónìí ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Elephantiasis ni wọ́n ń pè é. Bíbélì Látìnì gba lepra wọlé bí ó ṣe wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí a ń túmọ̀ àwọn ìwé ìṣègùn èdè Lárúbáwá sí Látìnì, lepra yìí kan náà ni àwọn atúmọ̀ fi pe àrùn tí ń jẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Báyìí ni orúkọ kan ṣe bo nǹkan méjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí Mósè sọ nípa àìmọ́ wá já lé àwọn tó ní àrùn kan pàtó lórí.

Láti inú Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, iṣẹ́ tí odindi Bíbélì Yorùbá ti inú rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ẹ̀tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún àrùn náà, òun ni wọ́n sì lò. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, èdè tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì bá pàdé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí èdè wa ṣe hun ọ̀rọ̀ náà. ‘Dẹ́tẹ̀’ ni kí ẹ̀tẹ̀ mú ènìyàn. A fi ‘a’ ṣíwájú rẹ̀, ó di ‘adẹ́tẹ̀’. Bákan náà ni a ṣe hun apẹja, akọ̀wé àti aránṣọ. Iṣẹ́ ènìyàn ni irú orúkọ báyìí sábà máa ń fi hàn. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Bí apẹja bá ta àwọ̀n rẹ̀ tí ó ń ṣòwò, kò sí ẹni tí yóò máa pè é ní apẹja mọ́. Ẹni tí a bá pè ní adẹ́tẹ̀ ńkọ́? Ó lè lo oògùn, kí àrùn náà tán lára rẹ̀ pátápátá, kí àyẹ̀wò sì fi hàn bẹ́ẹ̀; títí yóò fi kú, adẹ́tẹ̀ ni ládùúgbò. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti fi sílẹ̀. Orí kẹtàlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orí kẹrìnlá kò sí níbẹ̀.

Òwe wa náà jẹ́rìí sí i. A ní bí adẹ́tẹ̀ kò bá lè fún wàrà, ó lè dà á nù. Ẹni tí òwe náà ń bá wí lè jẹ́ ọlọ́wọ́ pípé tí ń ba iṣẹ́ àwùjọ jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ aláìsàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Síbẹ̀, àwọn baba wa kan náà ló sọ pé a kì í ka ìka mẹ́sàn-án lójú oníka mẹ́sàn-án. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó jẹ́ òótọ́ lè di ìwà ìkà bí a bá sọ ọ́ níbi tí kò yẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló kọ́ wa pé kí a ṣọ́ ẹnu níwájú ẹni tó ní ìpèníjà ara, kí ó tún òwe baba rẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Ìjọ àti àwọn tó wà ní ẹ̀yìn odi

Ní ọdún 1179, ìgbìmọ̀ ńlá tí Ìjọ Róòmù ṣe ní Lateran bá àwọn àlùfáà kan wí. Àwọn àlùfáà wọ̀nyí kò jẹ́ kí àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ bá àwọn yòókù jọ́sìn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n ní ilé ìsìn tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ tó láti máa gbé pọ̀, kí wọ́n ní ilé ìsìn, ibi ìsìnkú àti àlùfáà tiwọn. Àánú wà nínú àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé kí ìjọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó tún ẹ̀yìn ibùdó ṣe kí ó lè tura láti gbé. Kò mú ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ wọlé.

Ọdún 1873 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ní ọ̀nà méjì. Ní ìlú Bergen ní Norway, dókítà kan tí ń jẹ́ Gerhard Armauer Hansen rí kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ègún ló ń fà á. Ní ọdún yẹn kan náà, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Belgium kan, Damien, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Molokai ní Hawaii, níbi tí ìjọba ń kó àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ jù sí. Ó ń di egbò wọn, ó ń kọ́lé fún wọn, ó ń sin òkú wọn. Nígbà tó ṣe, àrùn náà mú òun náà, ó sì pa á ní ọdún 1889. A rántí rẹ̀ pé nígbà tí ó bá ń bá ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó máa ń pe ara rẹ̀ mọ́ wọn: àwa adẹ́tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ń bá wọn gbé, tó ń bá wọn jẹun, tó sì ń bá wọn ṣàìsàn, kì í ṣe èébú mọ́. Kì í ṣe ìró ọ̀rọ̀ nìkan ló ń dá ènìyàn lóró. Ibi tí ẹni tó ń sọ ọ́ dúró sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1874, Wellesley Bailey, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ti rí àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni The Mission to Lepers. Ní ọdún 1965, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà sí The Leprosy Mission. Ìyípadà náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀: orúkọ àrùn dúró, wọ́n yọ orúkọ tí a fi so ènìyàn mọ́ àrùn kúrò. Kí ló fà á tí ẹgbẹ́ Kristẹni fi ronú bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn fúnra wọn.

Ọkùnrin tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà

Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú kan wà ní Carville, létí odò Mississippi, tí wọ́n ti ń kó àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ sí láti ọdún 1894. Ẹni tí wọ́n bá mú wọ ibẹ̀ kò lè jáde bó ṣe wù ú. Títí di ọdún 1946, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọ̀pọ̀ wọn a sì yan orúkọ tuntun ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí ojú má baà ti ẹbí wọn nílé.

Ní ọdún 1931, apoògùn kan láti Texas wọ ibẹ̀. Sidney Levyson ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà Carville, ó di Stanley Stein. Láàárín ọdún yẹn ni ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Láti ọdún 1941 ni a mọ̀ ọ́n sí The Star, ìwé náà sì dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àrùn náà fọ́ Stein lójú, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ohun kan tó ń tẹnu mọ́ lọ́dọọdún ni pé kí aráyé jáwọ́ nínú pípe ènìyàn ní ‘leper’. Ó fẹ́ kí a máa pe àrùn náà ní àrùn Hansen, bí a ṣe ń fi orúkọ oníṣègùn pe àwọn àrùn mìíràn.

Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ó ń jà fún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ àrùn bá gbé orúkọ ènìyàn mì. Àwa Yorùbá tí a ń kó ara jọ ní ọjọ́ kẹjọ láti sọ ọmọ lórúkọ, tí a gbà pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kò yẹ kí a nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ní ọdún 1948, àpérò àgbáyé karùn-ún lórí ẹ̀tẹ̀ wáyé ní Havana, ní Cuba. Ó dá a lábàá níbẹ̀ pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà ‘leper’ sílẹ̀, kí a máa sọ pé ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà. Ní ìparí ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba ìlànà kan wọlé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ti bá fínra àti ẹbí wọn. Ara ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí àwọn ìjọba yọ ọ̀rọ̀ àbùkù náà kúrò nínú ìwé wọn. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a lé sẹ́yìn odi ló kọ́kọ́ ké, àwọn onímọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ṣé orúkọ tuntun tó?

Àwọn tó ń tako ìyípadà ní àríwísí kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tuntun kì í pẹ́ kó tó gba ìdọ̀tí ti àtijọ́. Ìtàn gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 1910, onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Henry Goddard, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ‘moron’ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn tí òye wọn kò yá. Lónìí, èébú ni láàárín ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tí àwọn òbí dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 fún àwọn ọmọ tí iṣan ara ń yọ lẹ́nu ń jẹ́ The Spastics Society. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ orúkọ náà di ẹ̀fẹ̀ débi pé ní ọdún 1994 ẹgbẹ́ náà di Scope. Ní Brazil, òfin ọdún 1995 ní kí ọ̀rọ̀ náà ‘lepra’ má hàn mọ́ nínú ìwé ìjọba, ‘hanseníase’ ni kí a máa kọ. Síbẹ̀, Brazil wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti ń rí aláìsàn tuntun jù lọ lágbàáyé.

Ní èdè tiwa náà, a ní ‘aláàbọ̀ ara’ dára ju ‘arọ’ lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì ara ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nísinsìnyí a ń sọ ‘àkàndá ẹ̀dá’. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí àkàndá ẹ̀dá bá dé ìjọ tí kò rí ọ̀nà gba gun àtẹ̀gùn, tí a sì jókòó tì í sẹ́yìn láàárín àwọn tí ń ṣagbe, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọdé yóò fi máa fi àkàndá bú ara wọn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Kò kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ó kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ń gba adùn tàbí ìkorò láti inú ìwà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo Uzuakoli, ní ilẹ̀ Ìgbò níbí ní Nàìjíríà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ibùdó ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1932. Ibẹ̀ ni Dókítà John Lowe ti ṣiṣẹ́ lórí oògùn dapsone, tí aláìsàn ń gbé mì, ní ìparí ẹ̀wádún 1940, iṣẹ́ tó ran gbogbo ayé lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni Ikoli Harcourt Whyte, tí àrùn náà mú nígbà èwe rẹ̀, ti di olórí ẹgbẹ́ akọrin, tó sì kọ orin ìyìn tí àwọn ìjọ ilẹ̀ Ìgbò ń kọ títí di òní. A kì í rántí rẹ̀ nípa àrùn rẹ̀. Orin rẹ̀ ni a fi ń rántí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi òfin yí orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n fún un ní àyè láti ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run, orúkọ rẹ̀ sì borí orúkọ àìsàn.

Ohùn Olúwa wa

A ó gbọ́ ohùn Jésù lórí èyí, nítorí àwọn tó ní kí a má yí ohunkóhun padà máa ń tọ́ka sí I. Òtítọ́ ni pé Olúwa dárúkọ ẹ̀tẹ̀. Nígbà tí Ó ń fèsì fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, Ó ka àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀, àwọn arọ àti àwọn afọ́jú mọ́ àwọn tí ìhìn rere ti dé bá (Mátíù 11:5). Dídárúkọ àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí dókítà bá ń ṣàlàyé àrùn, tàbí tí a bá ń ka Ìwé Mímọ́, kò sí ìdí láti máa sá fún orúkọ. Ohun tó burú ni kí a fi ṣe èébú, ẹ̀fẹ̀ tàbí ègún. Lefitiku 19:14 ti ka bíbú adití léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ adití kò tilẹ̀ ní gbọ́! Olúwa ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ náà fi parí sórí ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé Jésù kò pe àwọn Farisí ní afọ́jú ni (Mátíù 23:16)? Ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni Ó bá wí? Àwọn alágbára tó ń ṣògo pé àwọn ń ríran ni (Jòhánù 9:41). Kò fi ọ̀rọ̀ náà tẹ ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ mọ́lẹ̀ rí. Ọ̀tọ̀ ni bí Ó ṣe ṣe sí àwọn wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n sọ ọ́ di kókó àríyànjiyàn nípa ẹ̀ṣẹ̀. Jésù kọ ìbéèrè náà, Ó sì bá ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ (Jòhánù 9:1-7). Ní Jẹ́ríkò, ogunlọ́gọ̀ ní kí afọ́jú kan panu mọ́, ṣùgbọ́n Máàkù tọ́jú orúkọ rẹ̀ fún wa, ó tún fi orúkọ baba rẹ̀ kún un: Batimeu, ọmọ Timeu (10:46).

Ẹ wá wo Máàkù 1:40-45. Ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Olúwa. Jésù na ọwọ́ rẹ̀, Ó fi kàn án, ó sì mọ́. Lẹ́yìn náà Ó ní kí ó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, kí ó sì rú ẹbọ tí Mósè pa láṣẹ. Orí kẹrìnlá nìyẹn! Kò tó lójú Olúwa pé kí ara ọkùnrin náà dá. Ó fẹ́ kí ẹnu tó lé e jáde jẹ́wọ́ ní gbangba pé ó ti wọlé. Ẹsẹ tó parí ìtàn náà sì yẹ kí ó gún wa lọ́kàn: Jésù kò lè wọ ìlú ní gbangba mọ́, ibi aṣálẹ̀ ni Ó wà. Ẹni tó wà lóde ti wọlé, Olúwa sì bọ́ síta ní ipò rẹ̀.

Lẹ́nu àwa náà ńkọ́?

Bí a bá gba ẹ̀kọ́ ìtàn yìí, àwọn nǹkan kan yóò yí padà lórí pẹpẹ wa.

Èkínní, kí a fi orúkọ àìsàn sí ààyè rẹ̀. ‘Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú’ fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ̀tẹ̀ yóò fi í sílẹ̀. ‘Adẹ́tẹ̀’ kò fi sílẹ̀. Bí a bá ń ka Bíbélì, kí a kà á bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí àlàyé wa sọ pé tsaraat ti Mósè àti ẹ̀tẹ̀ tí dókítà ń wò kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ̀tẹ̀ òde òní ní oògùn. Láti ọdún 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tó ń wò ó sàn. Oníwàásù tó bá sọ ọ́ di àpẹẹrẹ ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ègún láìṣàlàyé lè mú kí ẹni tó rí àpá funfun tí kò mọ ìrora lára rẹ̀ fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, títí ọwọ́ yóò fi bàjẹ́. Ìwàásù wa lè gé ènìyàn níka.

Èkejì, kí a yẹ àdúrà wa wò. A máa ń gbàdúrà pé kí ọ̀tá wa ya arọ, kí ó ya odi, kí wèrè mú un. Ẹni tó wá pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìjókòó, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wa. Kí ló gbọ́? Ó gbọ́ pé ipò tí òun wà ni ibi tí Ọlọ́run ń ju àwọn tí Ó bínú sí sí. Bẹ́ẹ̀ Ẹ́kísódù 4:11 sọ fún Mósè pé Olúwa ló dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa tí kò mọ Kristi ń bẹ̀rù láti fi abuké àti àfín ṣẹlẹ́yà, nítorí wọ́n ní ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ó yẹ kí àwa tí a mọ Ẹlẹ́dàá gan-an ṣe ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dúró dè ìwòsàn kí a tó fún ènìyàn ní ààyè. A gbà pé Olúwa ń wo aláìsàn sàn, a kò sì ní yé gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mefiboṣeti jẹun lórí tábìlì Dáfídì lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ títí ìtàn fi parí (2 Sámúẹ́lì 9:13). Òfin ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2019 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Kò yẹ kí ìjọba ṣáájú ìjọ nínú ohun tí Lefitiku ti kọ́ wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a béèrè lọ́wọ́ wọn. Ní Carville, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń dun òun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe máa pe ẹnìkan nínú ìjọ rẹ̀, kí ó lọ bi í. Nígbà púpọ̀ jù lọ, ìdáhùn tí yóò gbà ni orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹni náà sọ ọ́.

Ìwé Hébérù rán wa létí pé lẹ́yìn ibodè ni Jésù ti jìyà, ó sì pè wá pé kí a jáde tọ̀ Ọ́ lọ ní ẹ̀yìn ibùdó, kí a sì bá A ru ẹ̀gàn rẹ̀ (13:12-13). Ibẹ̀ ni àlùfáà inú Lefitiku 14 ń lọ. Ní ọjọ́ tí a bá gbé ọwọ́ lé yín lórí, tí a sì ta òróró sí yín lórí, ẹ rántí ẹlòmíràn tí Mósè ní kí a ta á sí lórí, kí ẹ sì lọ mú un wọlé.